Ọwọ́ mélòó ló wà lára aṣọ Ìbàdàn Dùn?

 

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì, tó ti ń gbé òkè òkun láti ọdún pípẹ́, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Wọ́n fi kọ́ ara ògiri nílé kan tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan sábẹ́ rẹ̀ tó ní aṣọ Yorùbá ni, Ìbàdàn ló ti wá, a kò mọ ẹni tó ṣe é. Ìbéèrè ọmọ náà kò ju ìlà kan lọ: "Prof, ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ya gbogbo èyí ni?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ni nípa iṣẹ́ ọnà, n kò rántí pé ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀ rí ní kíláàsì mi. Èmi gan-an tó yẹ kí n kọ́ wọn láti máa béèrè rẹ̀, n kò ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo mọ ìdáhùn rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí aṣọ náà jẹ́, nítorí àwọn tí kò rí i rí. Ìbàdàn Dùn ni orúkọ bátánì yẹn. Aṣọ funfun òyìnbó ni wọ́n ń lò, ìdajì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ yáàdì méjì àtààbọ̀. Tí wọ́n bá ya méjèèjì tán, wọ́n á rán wọn pọ̀ kó lè fẹ̀ tó ìró. Wọ́n á pín ìdajì kọ̀ọ̀kan sí onígun mẹ́rin mẹ́rin. Yàrá ni ìyá mi máa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, n ó sì máa pè é bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n á ya ewé sí yàrá kan, wọ́n á ya ẹyẹ sí òmíràn, àmọ́ èyí tí a fi ń dá Ìbàdàn Dùn mọ̀ láàárín gbogbo àdìrẹ ni yàrá tó ní òpó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ṣíbí wà láàárín òpó kan sí èkejì. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni òpó yẹn. Ìjọba àwọn òyìnbó ló kọ́ gbọ̀ngàn ọ̀hún sórí Òkè Màpó, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1929.

Ẹ dúró lórí ọdún yẹn díẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń pe bátánì yìí ní ti àtayébáyé. Ìyá mi dàgbà jù ú lọ! Nígbà tí wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn náà lọ́wọ́, ọmọdébìnrin ni wọ́n, wọ́n ń kiri ẹ̀kọ fún àwọn lébìrà lórí òkè. Bó ṣe rí pẹ̀lú àdìrẹ olórí ọba náà nìyẹn: ọdún 1935 tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya òun àti olorì rẹ̀ sára aṣọ. Ohun tí ojú àwọn obìnrin wọ̀nyí bá rí ni wọ́n ń yà. Tí ìjọba bá gbé ilé olópòó sórí òkè wọn láìbi wọ́n, wọ́n á mú òpó yẹn, wọ́n á ti ṣíbí ìdáná bọ àárín rẹ̀, wọ́n á sì pè é ní adùn ìlú àwọn. N kò tíì rí ìwé kan tó sọ ọ̀rọ̀ nípa ìjọba amúnisìn tó dùn mọ́ mi tó ṣíbí yẹn.

Ìyá mi, aládìrẹ ni wọ́n. Mo ní kí n là á kalẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń da aládìrẹ pọ̀ mọ́ aláró. Aládìrẹ ló ń ya àwòrán sí aṣọ, aláró ló ń rẹ ẹ́. Ẹnì kan lè ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ní ti àwa, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa nítòsí Ọjàaba ni ìyá mi ti ń yà, ọ̀rẹ́ wọn kan tó ní ìkòkò aró lẹ́bàá odò Ògùnpa ni wọ́n sì ń gbé aṣọ lọ bá.

Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń yà á, láfún ni. Wọ́n á rò ó lórí iná bíi pé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á fi alum sí i, pẹ̀lú òkúta aláwọ̀ búlúù kan tí àwọn tó kọ́ kẹ́místírì ń pè ní copper sulphate. Ìyá mi ní òun ló ń jẹ́ kó di aṣọ mú. Wọ́n á sẹ́ ẹ kí kókó má bàa sí nínú rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni bírọ́ọ̀ṣì wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á lo ọwọ̀ tí wọ́n fà yọ lára ìgbálẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí, torí orí ẹ̀ ni ìtàn mi dúró lé. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní í ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ á wá mọ́lẹ̀, á dà bí òfuurufú àárọ̀ kùtù. Ibi tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn ni yóò dúdú. Ẹni tó ń fi bírò yàwòrán sínú ìwé, dúdú ló ń yà sórí funfun. Ẹlẹ́kọ yí i padà: ìmọ́lẹ̀ lẹ̀ ń yà, ẹ sì ń fi òkùnkùn sílẹ̀. Ó rọrùn láti sọ. Kó tó wọ ọwọ́ èèyàn, ó tó ọdún méjì mẹ́ta.

Bí ọmọ ṣe ń wọ inú iṣẹ́ náà rèé. Ẹ kọ́kọ́ máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí aṣọ tí wọ́n sá. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó máa sẹ́ ẹ̀kọ. Tó bá yá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa tọ́ àmì róbótó kéékèèké sí àlàfo tí ìyá yín fi sílẹ̀ láàárín ewé. Iṣẹ́ tí kò lórúkọ ni, ṣùgbọ́n tí àmì yẹn kò bá sí, aṣọ á ṣófo. Lẹ́yìn náà ewé, lẹ́yìn náà ẹyẹ. Òpó ló gbẹ̀yìn. Gbogbo ilé kọ́ ni ìyá tó bíni ti ń kọ́ni o. Nike Davies-Okundaye tí gbogbo yín mọ̀, tí wọ́n bí ní 1951, ìyá ìyá ńlá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní Ògìdì, torí ìyá tirẹ̀ tètè kú. Èmi ní oríire, ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi, ìyá wọn náà jókòó sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣọ́ àwa méjèèjì.

Lọ́dún 1956, inú ìyá mi kò dùn sí òpó tí àwọn aládìrẹ ẹgbẹ́ wọn ń yà. Wọ́n ní òpó ti di ẹsẹ̀ àga. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ìyá wọn: "Ara wọn ni wọ́n ń wò, wọn ò wo òkè mọ́." Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ tí mo ti kà nínú ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́nà ogójì ni wọ́n fi gbólóhùn kan sọ yẹn. Aládìrẹ kan wo aṣọ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn wo tirẹ̀, òpó ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, orí rẹ̀ ń já, ìdí rẹ̀ ń já, títí tí ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí á fi máa bi yín pé kí ni igi yìí.

Ni wọ́n bá fà mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ọjà, a gun Òkè Màpó. A kò mú ìwé, a kò mú pẹ́ńsù. Mo rò pé wọ́n á máa ṣàlàyé nǹkan fún mi. "Má sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí, "ṣáà máa wò." A dúró síwájú gbọ̀ngàn yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Nígbà tí a yíjú padà, ìsàlẹ̀ la ń wò: páànù orí ilé tó ti dípẹtà, pupa lọ salalu, èéfín ìdáná tó ń gba àárín wọn jáde. Àwọn èèyàn méjì tó mọ ìyá mi kọjá, wọ́n béèrè bóyá ẹjọ́ la wá jẹ́ ni. Ní ìgbà yẹn, kò sí ohun tí obìnrin aládìrẹ wá ń ṣe níwájú gbọ̀ngàn bí kò ṣe ẹjọ́ tàbí owó orí.

Wọn kò bi mí ní nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, kín ló ṣẹ́kù lójú ẹ?"

Mo ronú. Mo ní, "Òkùnkùn tó wà láàárín òpó, ìyá wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ọgbọ́n ìkọ́ni wọn nìyẹn. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn yàwòrán níwájú ohun tó ń yà. Wọ́n fẹ́ kí oorun kan wà láàárín kí ohun tí kò ṣe pàtàkì lè bọ́ dànù fúnra rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù lójú lówùúrọ̀, òun ni kẹ́ ẹ yà. Mo fi í kọ́ àwọn kan nínú yín ní ọdún kejì yín, ẹ sì bínú sí mi pé mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbé fọ́tò dání. Ẹ ti wá mọ ibi tó ti wá báyìí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn wọ́n fún mi ní yàrá òpó kan láti yà, fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlà tó kẹ́yìn nínú ìdajì kan, níbi tí ojú kò ti ní í tètè dé. Mo mú ìyẹ́, mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé òkùnkùn ni mo rí, òkùnkùn ni mo yà. Mo fi ẹ̀kọ bo gbogbo àárín òpó, mo sì fi òpó fúnra rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń bá mi bọ̀ láti òkè ti mọ ohun tí mo bàjẹ́. Àárín òpó tí mo pè ní òkùnkùn ló máa mọ́lẹ̀. Òpó ló máa dúdú. Gbogbo yàrá tó kù lára aṣọ náà, òpó mímọ́lẹ̀ lórí dúdú ni. Tèmi nìkan ló máa yí padà. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí mo sá a sóòrùn. Wọ́n pariwo pé kí wọ́n bá mi fá a kúrò. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Wọ́n jẹun ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n tẹ́ ìdajì aṣọ kejì, wọ́n wá ibi tó bá ti tèmi mu gẹ́lẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ya irú ohun tí mo yà. Ohun kan náà, àárín òpó bò, òpó ṣófo.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá aláró. Ewé èlú ni wọ́n ń gún nínú odó, wọ́n á rọ ọ́ ní róbótó róbótó, wọ́n á sá a gbẹ. Omi eérú tí wọ́n sẹ́ láti inú ìkòkò tó nídìí lílu ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, ó sì máa ń lo ọjọ́ mélòó kan kó tó pọ́n. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Àmọ́ ẹ wo nǹkan ìyanu: tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, kì í ṣe búlúù o, ó máa ń rí bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú yín níbẹ̀. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún gbé e sókè, lọ́pọ̀ ìgbà, títí yóò fi dúdú dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó bó ẹ̀kọ kúrò.

Ìyá mi gbé aṣọ náà lọ sí Ọjà Ọjẹ́. Oníbàárà kan tẹ́ ẹ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó ní ó lábùkù, kí wọ́n dín owó. Wọ́n ká aṣọ wọn, wọ́n gbé e padà sílé. Òun ló wà nínú àpótí mi títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí pa yín lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo di olùkọ́, mo fi àwòrán aṣọ yẹn han àwọn èèyàn níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ kan, n kò sọ ti ta ni. Àlejò kan dìde, ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé pé òpó dúdú àti òpó mímọ́lẹ̀ dúró fún ayé àti ọ̀run, àti pé méjì ni wọ́n fi yà á, torí ìbejì. Gbogbo wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dákẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ṣe àṣìṣe. N kò sọ pé aṣọ kì í sọ̀rọ̀ o. Ẹni tó bá ya Olókun mọ ẹni tó ń yà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á tó dé ọ̀run, ká kọ́kọ́ béèrè pé ọwọ́ ta ni.

Báwo la ṣe ń dá ọwọ́ méjì mọ̀? Ìyẹn ni ìbéèrè ọmọ wa. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwúwo ẹ̀kọ. Ọmọdé a máa kó o jù; ẹ̀kọ tó bá wú jù, tó bá gbẹ, á sán, aró á gba ibi tó sán wọlé, ẹ ó sì rí ìlà dúdú wẹ́wẹ́ bí irun nínú ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ àgbà kì í sán bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ìlà tó gùn. Àgbà á fà á lẹ́ẹ̀kan, ìyẹ́ kò ní í gbéra. Ọmọdé á dúró lágbedeméjì láti tún ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ibi tó dúró sí á sì nípọn bí oríkèé ìka. Ẹ wo àmì róbótó náà: tẹni tó ti rẹ̀ máa ń di ẹyin. Lára aṣọ tèmi, mo mọ ibi tó ti ń rẹ̀ mí, mo sì mọ ibi tí ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Èmi nìkan kọ́ ló lè rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá fara balẹ̀ á rí i.

Ìdí tí ìwé pélébé yẹn fi sọ pé a kò mọ ẹni tó ṣe é kò ta kókó. Aládìrẹ yà á, aláró rẹ ẹ́, ọlọ́jà tà á, ẹni tó rà á fún òyìnbó tún gbé e kọjá òkun. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan orúkọ ń já bọ́, orúkọ bátánì nìkan ló ń dé òpin. Ìwé Adire Cloth in Nigeria tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní Ìbàdàn lọ́dún 1971, wúlò fún mi gan-an láti fi mọ orúkọ bátánì. Mo fi kọ́ yín. Mo bi yín ní orúkọ bátánì nínú ìdánwò. N kò bi yín ní ọwọ́ ta ni.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ rí. Ní nǹkan bí ọdún 1978, ìyá mi ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní oníbàárà fún ẹlẹ́kọ ti ń dín kù, aṣọ ilé iṣẹ́ ti gba ọjà, ojú àwọn náà sì ti ń ṣú, kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan ká jọ ya ìró kan. Mo ní mo ń kọ ìwé kan. Nípa àdìrẹ ni ìwé náà, ẹ gbà mí. Mo ní tó bá di àkókò ìsinmi. Ìsinmi dé, mo tún rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Lọ́dún 1980 odò Ògùnpa kún, gbogbo Ìbàdàn ló mọ ọdún yẹn. Ìkòkò ìyá aláró lọ. Àpótí aṣọ tí ìyá mi kó sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó bá wọn rẹ̀, òun náà lọ. Òpó Ìbàdàn Dùn tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìnlélógún tún ṣe láti ọjọ́ tí a jọ gun òkè yẹn, kò sí ọ̀kan tí mo lè nà sí yín pé ẹ wò ó, àyàfi ti 1956. Wọn kò gbé ìyẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọdún kejì ni mo ní ìgboyà láti bi wọ́n nípa yàrá mi. Mo ti múra sílẹ̀ láti sunkún. Mo ní, "Ìyá wa, kí ló dé tẹ́ ò fá a kúrò lọ́jọ́sí?"

"Ẹ̀kọ ti gbẹ," ni wọ́n wí. "Tí mo bá fá a, aṣọ á ya."

"Ẹ tún wá yà á sí apá kejì ńkọ́?"

Wọ́n wò mí bí ẹni wo ẹni tí kò gbọ́n. "Ṣé kí apá kan má jọ ìkejì ni?"

Nítorí náà, ọmọ mi, mo ti wo fọ́tò rẹ. Ẹ̀kọ sán ní yàrá ẹyẹ méjì tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, àmọ́ kò sán ní òpó. Lójú tèmi, ọwọ́ méjì ni, ọ̀kan nínú wọn kò sì tíì dé orí òpó. Ṣùgbọ́n ìdajì kan ṣoṣo ni fọ́tò rẹ mú, ìkejì ti ká sẹ́yìn níbi tí wọ́n fi kọ́ ọ. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú u kalẹ̀ fún ọ. Wo ìsàlẹ̀ ìdajì kejì, bóyá ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kọjú sódì bíi ti èyí, ṣùgbọ́n tí ìlà rẹ̀ kò sán. Tó o bá rí i, fi ránṣẹ́ sí mi kíá, má dúró de òpin ọ̀sẹ̀.